Aṣọ Funfun Tí Sámúẹ́lì Télọ̀ Fi Ta Káàdì

Òótọ́ ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ gbé Bíbélì wá, màá gbọ́wọ́ lé e. Ẹ gbé Kùránì wá, màá gbọ́wọ́ lé e. Ẹ gbé irin wá, màá fi ahọ́n lá a. Bí mo bá parọ́, kí ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sí Àpápá dà mí sómi láàárín ọ̀sà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n rọra, nítorí mi ò mọ̀wẹ̀. Òótọ́ ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Mo pa orúkọ dà níbì kan, mo fi iyọ̀ sí i níbì kan. Ibì kan sì tún wà... Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹun ná, kẹ́ ẹ tó bi alásè léèrè ohun tó bù sọ́bẹ̀.

Ọdún tí Ayaba ìlú òyìnbó wá kí wa ní Èkó ni. Ọkùnrin kan wà lẹ́yìn Ìga Ìdúngànràn, Sámúẹ́lì ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Bí Sámúẹ́lì bá rán kọ́là sí ọ lọ́rùn, orí rẹ á dúró bíi ti adájọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Olúfúnkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń dáná fún un, òun ló ń gbá ṣọ́ọ̀bù, òun ló sì ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀ kó má baà gún oníbàárà lẹ́sẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ lọ́dún náà láti wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ wọn lórí, èyí tí ará Èkó ń pè ní kọ́ńfáméṣọ̀n. Olúfúnkẹ́ wà lára wọn. Aṣọ funfun ni gbogbo ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ wọ̀ lọ síwájú Bíṣọ́ọ̀bù, láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ìyá Ìjọ, olórí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbé odidi ìgàn aṣọ funfun kan wá fún Sámúẹ́lì. Àwọn ìyá ló dáwó rà á. Ẹlẹ́ja dá, aláta dá, opó tó ń fọṣọ fún òyìnbó náà dá. Ìyá Ìjọ gbé e lé orí tábìlì, ó gbàdúrà lé e bí ẹni ń wúre fún ọmọ tuntun.

"Sámúẹ́lì, ìwọ la fọkàn tán o. Kò gbọdọ̀ kọjá Sátidé."

"Ìyá, ẹ lọ sùn, kẹ́ ẹ sì máa hanrun."

Kò yẹ kí Ìyá sùn.

Nítorí ọwọ́ ti ń yún Sámúẹ́lì láti ọjọ́ yìí. Gbénga ló mú un mọ ohun tó ń yún un. Gbénga ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Marina, ó ń wọ táì, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà pẹ̀lú Sámúẹ́lì. Òun ló mú un lọ sí Pópó Àgùdà, sí ẹ̀yìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń ta káàdì lábẹ́ igi máńgòrò. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀. Kìrìsìtẹ́nì ń bẹ, Mùsùlùmí ń bẹ. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jà nítorí ẹ̀sìn. Ẹ̀sìn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe lábẹ́ máńgòrò yẹn.

Télọ̀ kọ́kọ́ kọ̀. "Gbénga, tẹ́tẹ́ nìyí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Bọ̀ọ̀dá Sámú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Bíbélì! Nígbà tí Júdásì pokùn so, báwo làwọn àpọ́sítélì ṣe yan ẹni tó gba ipò rẹ̀?"

"Wọ́n ṣẹ́ kèké."

"Ta ni kèké mú?"

"Màtíà."

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n! Bí àpọ́sítélì bá lè ṣẹ́ kèké, ta ni télọ̀?"

Sámúẹ́lì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tà á. Ẹni tó bá ti lè fi Bíbélì pa ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ lẹ́nu mọ́, kò síbi tí kò lè rìn dé mọ́.

Eré náà kò le. Wọ́n á da káàdì rú, wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀, olúkúlùkù á mú ẹyọ kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ló kó gbogbo ohun tó wà nílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Sámúẹ́lì jẹ. Èṣù kì í fi egungun pe ajá, ẹran ló fi ń pè é. Ó ra ẹja ọ̀sàn tó sanra lọ sílé.

"Bàbá, ta ló sanwó iṣẹ́ fún yín?" Olúfúnkẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí ẹja.

"Ọlọ́run ni."

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílé. Aago ara ògiri lọ. Ó ní òun gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe. Áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọṣọ lọ. Ó ní ẹnì kan yá a. Irọ́ ń bí irọ́, Olúfúnkẹ́ sì ń bá a gba gbogbo wọn gbọ́, nítorí ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún bàbá ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e.

"Bàbá, ẹ ò tíì wọ̀n mí o. Ẹ ti wọn gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi."

"Ọ̀la."

Ilẹ̀ ọ̀la mọ́. "Bàbá, téèpù rèé."

"Mo ní ọ̀la! Ṣé o fẹ́ sá lọ ni?"

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Sámúẹ́lì fi bébà wé ìgàn aṣọ náà, ó gbé e há abíyá. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń gbé e lọ fún ẹni tó máa bá òun gé e. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó bi í. Òun nìkan ló ń parọ́, òun nìkan náà ló ń gbọ́ ọ.

Mọ̀núrù wà lábẹ́ máńgòrò. Fìtílà àti ìgò fìtílà ni Mọ̀núrù ń tà lọ́jà, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, òun ló sì ti kó aago, tó kó áyọ́ọ̀nù.

"Kí lẹ mú wá fún wa lónìí, télọ̀?"

Sámúẹ́lì tú bébà. Funfun náà mọ́lẹ̀ yòò.

Gbénga fò dìde. "Bọ̀ọ̀dá Sámú! Aṣọ ìjọ kọ́ nìyẹn?"

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà sílé. Ẹ má fi èyí ṣeré."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo mú mi wá síbí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ní kẹ́ ẹ gbé aṣọ àwọn ọmọ wá!"

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé ọ̀rẹ́ ló bà yín jẹ́. Ọ̀rẹ́ náà rèé lórí ìdúró, ó ń bẹ̀bẹ̀, táì ń mì í lọ́rùn.

Sámúẹ́lì kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti ríran rí aago lára ògiri, ó ti rí áyọ́ọ̀nù lórí tábìlì, ó ti rí ìgàn aṣọ nínú ilé, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Káàdì kan péré ló kù. Ó pa ojú dé, ó gbàdúrà. Ó gbàdúrà o! Ó mú ẹyọ kan, ó yí i padà.

Ayaba ni.

"Ayaba!" Ó fò sókè. "Ayaba tó wá sí Èkó ti wá kí mi!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mọ̀núrù kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra yí tirẹ̀ padà.

Ọba ni.

Sámúẹ́lì di etí aṣọ náà mú, kò lè fi sílẹ̀. Mọ̀núrù ló tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

"Télọ̀, èmi kì í ṣèkà. Màá bá yín tọ́jú rẹ̀ sí ilé mi. Bẹ́ ẹ bá ti rówó, ẹ wá gbà á ní Sátidé. Ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án."

Sámúẹ́lì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Kátíkíìsì yà sí ṣọ́ọ̀bù. Arúgbó ará Èkìtì kan ni, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù máa bi wọ́n. Ó wo orí tábìlì. Kò rí funfun kankan.

"Sámúẹ́lì, ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, sà." Ẹnu Sámúẹ́lì ṣàdédé là fúnra rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ n bi yín. Kèké tí wọ́n ṣẹ́ tó mú Màtíà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń fi Màtíà tàn ọ́ jẹ? Àwọn àpọ́sítélì ò ṣẹ́ kèké kí wọ́n lè kó nǹkan ẹlòmíràn lọ sílé. Iṣẹ́ ni kèké gbé lé Màtíà lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ṣẹ́ kèké nínú Bíbélì kan náà. Ṣé o rántí wọn?"

"Àwọn wo, sà?"

"Àwọn sójà ìdí àgbélébùú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán lókè, wọ́n ń ṣẹ́ kèké nísàlẹ̀. Aṣọ ni wọ́n sì ń ṣẹ́ ẹ lé, télọ̀. Aṣọ."

Abẹ́rẹ́ wọ Sámúẹ́lì níka.

Ohùn Bàbá rọ̀. "Ṣé kò sí nǹkan? Bó bá wà, sọ ọ́ nísinsìnyí. A ó bá ọ wí, a ó sì tún dáwó ra òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn ọmọ á rí nǹkan wọ̀."

Ọ̀nà tẹ́ pẹrẹsẹ níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kù kó gbé. Sámúẹ́lì ti ìka bọ ẹnu, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ mu.

"Kò sí nǹkan, sà."

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ dógò. Ó rí owó. Ó bá télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́ pé òun máa yá tirẹ̀ lò láti fi rán gbogbo aṣọ náà kí ilẹ̀ Sọ́ńdè tó mọ́. Nígbà tó ń bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Pópó Àgùdà kọjá, kò yà. Ó yin ara rẹ̀ títí dé ilé nítorí pé kò yà.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó dé ilé Mọ̀núrù. Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí ẹní, ààfáà kan wà láàárín wọn tó ń ka tẹ̀súbáà. Sámúẹ́lì rò pé wàásí ni. Ó kí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ̀núrù, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Owó rèé. Aṣọ yẹn dà?"

Mọ̀núrù kò gbójú sókè. "Ẹ máa lọ ná, télọ̀. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kẹ̀? Ọ̀la ni Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀!"

"Sàdíátù ló wọ̀ ọ́ lọ. Ìyókù ti di sàárà."

Sámúẹ́lì kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Sàdíátù. Ohun tó yé e ni pé ọmọbìnrin kan ti gbé aṣọ ìjọ wọ̀ jáde, wọ́n sì ti ha ìyókù fún alágbe. Ara rẹ̀ gbóná. Ohùn rẹ̀ lọ sókè.

"Ta ló ń jẹ́ Sàdíátù? Ẹ ní kó bọ́ ọ! Kó bọ́ ọ kíá! Aṣọ ìjọ ni!"

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ ààfáà.

Obìnrin kan jáde láti inú yàrá, ìborùn rẹ̀ ti já bọ́ sí èjìká, ojú rẹ̀ wú. Àdìjátù ni, ìyàwó Mọ̀núrù. Kò pariwo.

"Ta ló ní kí ọmọ mi bọ́ṣọ?"

Ìgbà yẹn ni ààfáà rọra là á yé Sámúẹ́lì. Gìrì ló gbé ọmọ náà. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti sin ín láàárọ̀ yẹn. Aláṣọ kankan kò tíì ṣí ìsọ̀, aṣọ funfun kan sì wà nínú ilé.

"Ẹ forí jì mí," Sámúẹ́lì wí. "Mi ò mọ̀. Ẹ dákun, mi ò mọ̀."

Àdìjátù kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Ó ti kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Aṣọ ìjọ wo ló ń wí? Bàbá Sàdíátù, ṣebí ẹ ní ẹ rà á ní Ìta Fàájì ni."

Mọ̀núrù ń wo ẹní.

"Mò ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Mo jẹ ẹ́ ni. Nídìí káàdì."

Àdìjátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ fi aṣọ tẹ́tẹ́ dì í. Ọmọ tí kò tíì mọ orúkọ ara rẹ̀ pè tán. Ẹ fi haráámù dì í ránṣẹ́ sí Ọlọ́run." Ó yíjú sí ààfáà bí ẹni tó ń rì sómi. "Ààfáà, ṣé kò ní kàn án? Ẹ sọ fún mi pé kò ní kàn án."

"Ọmọdé ò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn, Àdìjátù. Kò ní kàn án." Ààfáà wo Mọ̀núrù. Ó wo Sámúẹ́lì. "Àwọn tó kàn jókòó síbí."

Ọ̀rọ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó kì í wọ bọ́ọ̀sì, síbẹ̀ òun ló máa ń ṣáájú ẹni délé. Kí Sámúẹ́lì tó dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Ìjọ ti wà níbẹ̀, Bàbá Kátíkíìsì wà níbẹ̀, àwọn ìyá kún ìta. Olúfúnkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí kò ní ẹ̀rọ mọ́.

"Aṣọ dà, Sámúẹ́lì?" Ìyá Ìjọ ló bi í.

"Ìyá, iṣẹ́ èṣù ni."

"Èṣù wo? Èṣù tó gbé ìgàn aṣọ há abíyá lọ́sàn-án gangan, tó gba iwájú Ìga kọjá, tí àwọn èèyàn kí i lọ́nà tó sì ń dá wọn lóhùn?"

"Gbénga ló mú mi..."

"Gbénga ló wá sọ fún wa," Bàbá Kátíkíìsì wí. "Ó ń sunkún. Àmọ́ èmi fúnra mi dúró níbí, mo bi ọ́ lójúkojú. Ta ló fèsì pé kò sí nǹkan? Ṣé Gbénga ni?"

Opó tó ń fọṣọ fún òyìnbó na ọwọ́ rẹ̀ wọlé láti ìta. "Ẹ jẹ́ kó wo ìka mi. Ọṣẹ ti bó o tán kí n tó rí ìpín tèmi san."

Téèpù wà lọ́wọ́ Olúfúnkẹ́, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Bàbá," ó ní, "ìgbà tí mo ní kẹ́ ẹ wá wọ̀n mí, aṣọ ṣì wà nílé. Ṣé ẹ ti mọ̀ láti ìgbà yẹn pé ẹ máa gbé e lọ?"

Sámúẹ́lì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́. Orí rẹ̀ ló ń díbọ́n.

Nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì lù ní Sọ́ńdè, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Àdìjátù ni. Ìborùn funfun tó fi ń lọ kírun Jímọ̀ ló ká lọ́wọ́, ó mọ́ tónítóní. Ó kọjá lára Sámúẹ́lì bí ẹni tí kò rí i, ó tẹ́ ìborùn náà lé Olúfúnkẹ́ lórí, ó fi wé e títí dé ẹsẹ̀.

"Tèmi ti lọ," ó ní. "Ìwọ lọ bá Ọlọ́run tìrẹ. Kò sí tẹ́tẹ́ lára èyí."

Sámúẹ́lì na gbalaja. Àdìjátù bẹ̀rẹ̀, ó fà á dìde. "Mo ti dárí jì yín." Olúfúnkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìborùn obìnrin Mùsùlùmí, Bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e, gbogbo ìjọ sọkún, Sámúẹ́lì kò sì fọwọ́ kan káàdì mọ́ títí dòní.

Ó dùn, àbí? Mo rí yín. Ẹ ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ibẹ̀ yẹn ni mo fi ọwọ́ ara mi rọ.

Àdìjátù kò wá. Kí ló máa wá ṣe? Ẹni tó sin ọmọ lánàá ni. Àmọ́ ẹ retí rẹ̀. Ẹ ti jókòó, ẹ ń wo ojú ọ̀nà pé kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbé àánú dání wá bá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ nínú ilé, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí Sámúẹ́lì ṣe máa ń wo ẹ̀yìn káàdì gan-an nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, mi ò fi nǹkan kan kún un. Àwọn ọmọbìnrin yẹn wọ ohun tí wọ́n ní lọ síwájú Bíṣọ́ọ̀bù, àdìrẹ, ànkárá, yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé. Bíṣọ́ọ̀bù kò bi wọ́n léèrè aṣọ. Ó gbọ́wọ́ lé gbogbo wọn lórí. Wọ́n pe orúkọ Olúfúnkẹ́. Kò sẹ́ni tó dìde. Wọ́n tún un pè.

Láti ìdájí ni Olúfúnkẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Àdìjátù, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Sámúẹ́lì wá a kiri títí ó fi rí i. Ó yẹ kó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kó fà á dìde kó fi ara rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló kù.

Ó dúró sí ìkángun ògiri ilé náà, ó ń wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí, òun náà á lọ.

Ilẹ̀kùn náà kò ṣí.